Ta Ló Tún Kú?

Orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan ló yọ lójú fóònù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní 2021. Mo gbé e, mo ní, "Ta ló tún kú?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn nígbà náà. Nígbà tí Ginger Baker, òyìnbó onílù rọ́ọ̀kì, kú ní oṣù kẹwàá 2019, òun ló pè mí. Kò ju bí oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Kẹ́hìndé nínú àwọn ìbejì akọrin Lijadu náà fi lọ, ó tún pè. Nígbà tí Tony Allen, onílù Fela, kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2020, kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé, òru ló pè, kò sì sọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn ń fi ẹnu lu ìlù sí mi létí ni, bí Tony ṣe máa ń pín ara rẹ̀ sí mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ní mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe. Ó lù ú bíi ìṣẹ́jú kan, mo sì ti mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún yẹn, Majek Fashek, olórin règé. Mo wá sọ fún un pé, "Ìwọ ọkùnrin yìí, tí mo bá ti rí nọ́ńbà rẹ báyìí, òkú ti sùn nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Bó ṣe di àwàdà nìyẹn. Tó bá pè, màá ní, "Ta ló tún kú?" Òun á ní, "Kò sẹ́ni tó kú o, irú Bódìjà ni kí o bá mi rà."

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nídìí fóònù. Kò fèsì. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń wọ́ àga nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Dádì, ẹ jókòó ná."

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn kò kúrò lẹ́nu mi. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun mọ̀ pé eré ni. Àmọ́ ọmọ mọ̀ pé eré ni, ẹnu tó sọ ọ́ kò mọ̀.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé orúkọ ọkọ òun kiri. Bí mo bá tilẹ̀ dá a, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Kò sí lẹ́yìn àwo orin kankan. Gìtá oníná ló ń ta, orin rọ́ọ̀kì, ní Mushin, láti 1970 títí di ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń béèrè irú ẹ̀ mọ́, ó sì ń ta á lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi ni mo ń lu ìlù jáàsì lẹ́yìn rẹ̀. Àwa mẹ́fà ni. Ẹni tó ń tẹ ògán ti kú tipẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó sunkún, ẹni tó ń sunkún fún kò mọ̀ ọ́n rí. Oṣù kẹsàn-án 1970 ni, ọdún tí ogun parí. Rédíò ló sọ pé Jimi Hendrix, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ti kú ní Lọ́ndọ̀nù, ọmọ ọdún 27. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn ilé wọn, ní ìdí dúróọ̀mù omi, ó ń sun ẹkún àsun-ùn-dákẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ta ló kú nílé yín? Ṣé òyìnbó dúdú yẹn ló ń fún ọ lówó oúnjẹ ni?" Kò bú mi. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sójú mi, ó ní, "Ọwọ́ yìí náà ni."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ ní ilé Yorùbá á mọ ohun tó sọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá rẹ̀ ti fi ìborùn di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára, ó ti fi ata kùn ún. Tíṣà ti fi rúlà nà án lórí eegun ìka. Ọwọ́ tí a fi ń nu ìdí, ṣé òun ni ọmọ á nà sí àgbà? Nígbà tó kọ́kọ́ mú gìtá, wọ́n ní kó fi ọ̀tún ta á bíi ti gbogbo ayé, gìtá náà kò sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ọjọ́ tó rí fọ́tò Hendrix lẹ́yìn àwo, tó rí i pé ọkùnrin náà dojú gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún kodò, tó sì tún okùn rẹ̀ tò kí èyí tó nípọn lè wà lókè, ó lọ sílé, ó tú gbogbo okùn tiẹ̀, ó tún un tò. Láti ọjọ́ náà ni gìtá ti ń sọ Yorùbá fún un. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n ló dá ọwọ́ rẹ̀ láre níwájú ìyá rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, èèyàn ò ní sunkún?

Àmọ́ mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọdún 51 ló gbà kó tó kàn mí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Mushin ṣe rí nígbà náà, kó rántí pé Fela ń ṣeré ní Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, a sì lè gbọ́ fèrè rẹ̀ láti ojú fèrèsé wa tí afẹ́fẹ́ bá gbà á. Ṣùgbọ́n òmíràn la fẹ́ràn jù. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO là ń wò bí ọmọ ṣe ń wo ẹ̀gbọ́n: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Ẹgbẹ́ Ofege tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ìwé St Gregory's gbé àwo jáde ní 1973, ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ọmọ ilé ìwé bíi tiwa! Ginger Baker tó ti wa Land Rover la Sàhárà kọjá wá sí Èkó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkejà lọ́dún yẹn náà. Ìgbà tí Paul McCartney tó wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀ wá gba orin sílẹ̀ ní 1973, Apapa ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI, ṣùgbọ́n ó ṣe ẹyọ kan ní Ìkejà.

Àwa náà lọ sí Ìkejà. Kò sẹ́ni tó pè wá. A wọ bọ́lẹ́kájà, a dúró sí ẹnu géètì láti nǹkan bí aago mọ́kànlá títí oòrùn fi rọlẹ̀. Mẹ́gáàdì lé wa títí ó sú u, ó wá fún wa ní omi mu. Ohun kan ṣoṣo tá a gbọ́ ni ìlù láti inú ilé, kò sí orin níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró, ó ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ń fi ìka lù ú sí itan, mo fẹ́ há ìlù náà sórí. Ọ̀rẹ́ mi gbá mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má lù ú. Gbọ́ bó ṣe ń dúró."

Títí dòní mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó ń lù ú. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ orin tó kọ́ mi láyé. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo wa ti wọlé, òun á dúró. Ìlù mẹ́rin á kọjá. Nígbà mìíràn mẹ́jọ. Onibéèsì á wò mí, èmi á wo onibéèsì, àwọn tó ń jó á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè. Ọdún méjì gbáko ni mo fi rò pé ńṣe ló ń gbàgbé, mo sì máa ń fi igi ìlù jù ú lẹ́yìn. Nígbà tó bá wá ta okùn àkọ́kọ́, fọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ tó ń fọ́ ohùn gìtá, á gbé e, ohùn á ya bí aṣọ tuntun tí wọ́n fà ya, àwọn èèyàn á sì ké. Orin tó ta kọ́ ni wọ́n ń ké sí o. Ibi tó ti dákẹ́ ni. Mo wá kọ́ bí a ṣe ń lu ìlù de ẹni tí kò tíì dé. Iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fi ìlù kún àyè náà.

Kí ló pa rọ́ọ̀kì ní Èkó? Wọ́n á ní dísíkò ni, wọ́n á ní owó irinṣẹ́, wọ́n á ní iná. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tèmi ni pé rọ́ọ̀kì kì í ki èèyàn. Owó epo dé, àríyá pọ̀, olówó fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó ná owó mọ́ni lórí. Onijùjú mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ ẹ̀yìn sí agbo, ó ń bá ampilifáyà sọ̀rọ̀. Nígbà kan ní Ṣómólú, ọkùnrin kan fi owó síwájú rẹ̀, ó ní kó fi gìtá pe orúkọ òun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gìtá yìí kò mọ̀ yín." A kò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ la fi rìn padà sílé pẹ̀lú ẹrù. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Gbogbo wa fọ́nká. Mo gba iṣẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn. Òun ń tún rédíò àti ampilifáyà ṣe, ilé ìjọsìn ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ní 2008, nígbà tí wọ́n kó àwọn orin rọ́ọ̀kì ayé ọjọ́un jọ ní ìlú òyìnbó tí wọ́n tún un tẹ̀ sórí àwo, ọmọ rẹ̀ bá a rà á. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wá orúkọ nínú àbájáde ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé a kò ṣe ìdánwò náà. A kò gbé àwo jáde rí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní, tí a fi gba ohùn ara wa ní 1976 nínú gáréèjì kan. Ọwọ́ mi ló wà. Èmi fúnra mi ni mo gba ìwàásù lé e lórí, torí mo wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́jọ́ náà tí mi ò rí. Mi ò sọ fún un títí ó fi kú. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mò ń wá a.

Ìtọ̀ ṣúgà ló mú un. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ní òun ò gbọ́ mọ́. Ó ní bí òun bá tẹ ilẹ̀, bí ẹni tẹ òwú ni. Lẹ́yìn náà ó kan ìka. Mo lọ kí i ní ọdún tó ṣáájú kòrónà, ó gbé gìtá lé itan, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé: ọkùnrin tí mi ò rí kó wo ọwọ́ rí láti 1970! Òkùnkùn biribiri ló fi ń ta á. Báyìí ó ń gbé ìka kọ̀ọ̀kan lé okùn, á tẹjú mọ́ ọn bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí ìka náà kò lè sọ fún un mọ́. Ó ta ohun mẹ́ta péré. Ó wá ní, "Wò ó, mo ti wá di ẹni tó ń tètè wọlé, torí ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo yára yí ọ̀rọ̀ padà sí bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò jókòó tì í.

Ọmọ ọdún 68 ni nígbà tó lọ, ó bímọ, ó rí ọmọ-ọmọ. Lójú Yorùbá, a kì í sunkún irú òkú bẹ́ẹ̀. Àṣeyẹ ni. Wọ́n dá aṣọ, wọ́n pa màlúù. Pásítọ̀ kan tí ọ̀rẹ́ mi ti bá ìjọ rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwìn gun orí pèpéle, ó ní bàbá yìí kọ orin ayé sílẹ̀ kó tó lọ. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, ìka ló kọ̀ ọ́.

Àwọn tó wá ń kí ìyàwó àti ọmọ: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Kò sẹ́ni tó kí mi, èmi ni mo sì ń to àga. Mi ò bínú. Èdè wa ní orúkọ fún opó, ó ní fún ọmọ òrukàn, kò ní ọ̀kankan fún onílù tí onígìtá rẹ̀ kú.

Ẹgbẹ́ jùjú ni àwọn ọmọ gbà, wọ́n sì mọṣẹ́. Ìjẹ̀bú ni ọ̀rẹ́ mi, akọrin náà kì í títí ó fi bá a dé Abẹ́òkúta. Owó ń já bọ́. Nígbà tó yá, mo bẹ onílù wọn pé kó fún mi ní ìjókòó fún orin kan péré, ó wo irun funfun mi, ó dìde. Mo bẹ̀rẹ̀. Ní ibi tó yẹ, mo ṣí àyè sílẹ̀ fún un, ìlù mẹ́rin, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìlù kejì kò tíì pé tí ọmọ tó ń ta gìtá ti sáré kó sí i, ó fi ohùn kún gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi pé òun gba bàbá sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Owó tí wọ́n san fún un, kó má bàa dákẹ́ ni. Mo dá igi ìlù padà, mo lọ sẹ́yìn kánópì.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ṣakí. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Mo wà ní kékeré nígbà tí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kú, wọ́n sì ti sin ín, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, mo rò pé ó parí. Kò parí. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, àwọn ọdẹ nìkan pàdé láti ṣe ìṣípà fún un. Wọ́n kó ẹrù ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé, wọ́n sì gbé e lọ sínú igbó, ibi tí wọn ò jẹ́ kí àwa ọmọdé tẹ̀ lé wọn dé. Mo bi bàbá mi àgbà léèrè pé kí ló dé tí wọ́n tún ń sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ìyẹn ti ẹbí, èyí ti ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ kò bá tú u sílẹ̀, á ṣì máa bá wọn jáde lọ sóko ọdẹ.

Lẹ́yìn kánópì yẹn, mo wo àwa mẹ́rin tó kù. Onibéèsì ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó ń lu kóńgà kò ríran dáadáa mọ́. Kò sí ìṣípà fún onírọ́ọ̀kì. Òyìnbó tó kọ́ wa ní orin kò kọ́ wa ní ìyẹn.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyàwó wa pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wá bá mi wo nǹkan yìí. Mi ò lè sùn." Gìtá náà ni, orí ìṣó ló gbé e kọ́ nínú yàrá wọn. Ó ní bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ ilé kejì lálẹ́, okùn rẹ̀ á máa kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹ̀fọn tó há sínú àpótí. Ó ti fi aṣọ bò ó. Ó ṣì ń kùn. Ẹnì kan tilẹ̀ ti wá láti rà á, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ó ta á, ó ní wèrè wo ló to okùn yìí, ó sì dá owó tó fẹ́ san sí méjì. Ó lé onítọ̀hún jáde.

Mo kó àwọn mẹ́ta yòókù, a lọ. Ẹ̀yìn ilé la jókòó sí, lórí àpótí, ó sì ti ń ṣú. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà. Akọrin wa ní kí a kọrin, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ń dúró de ara wa, ó wá ṣe wá bí ẹ̀rín. Mo gbé gìtá náà sí orí itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Èyí tó tín-ín-rín jù, onibéèsì gbà á. Èkejì, ti onikóńgà, ó fi ìka tọ́ ọ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀kẹta, ti akọrin. Ẹ̀kẹrin já mọ́ mi lọ́wọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó sì há mi ní àtẹ́lẹwọ́. A ní ti onítẹ̀-ògán nìyẹn. Mo mú ìkarùn-ún.

Nígbà tí mo di èyí tó nípọn jù mú, ìyàwó wa tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà látẹ̀yìnwá ní, "Bọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lára ẹ̀."

Mo ní, "Ṣebí òun gan-an ló ń kùn?"

Ó ní, "Mo mọ̀."

A gbé e padà sórí ìṣó. Tèmi wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì mi, ó ká bí òrùka. Lálẹ́ àná mo pè é kí n bi í bóyá ó ti ń sùn. Kó tó dáhùn, mo gbọ́ tí wọ́n ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ ní ilé kejì, ó kọ̀, wọ́n tún fà á, ó gbà. Ìyàwó wa ní, "Ẹ dúró ná." Ó gbé fóònù lọ sínú yàrá.